Títì tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ní Salvador: kí la ó máa pè é ní Yorùbá?

Àṣàkẹ́ Òǹkọ̀wé

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ ìwé atọ́nà kékeré kan fún àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ lọ wo Salvador ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíl. Púpọ̀ nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ibi tí wọ́n máa rìn jù ni Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ orí òkè tó wà nínú ibi tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1985. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà, kì í sì í ṣe sìmẹ́ńtì. Òkúta ni wọ́n tò síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìwé Potogí tí mo ń yẹ̀ wò ń pè é ní calçamento níbì kan, pé de moleque níbòmíràn, paralelepípedo níbòmíràn. Ṣé "títì" lásán ni kí n kọ, àbí "ọ̀nà olókùúta"? Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá ni èyí tí ìyá àgbà kan máa kà, tí yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bàtà gogoro ò ní gbà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bíríkìlà Òṣogbo

Àbúrò, o kú làákàyè. Má kọ "ọ̀nà olókùúta" o. Bí mo bá sọ fún ọ pé ọ̀nà oko wa jẹ́ olókùúta, ohun tí wàá gbọ́ ni pé kò sẹ́ni tó tún un ṣe, pé òkúta ló yọrí síbẹ̀ fúnra rẹ̀, pé ọkọ̀ tó bá gbabẹ̀ máa gbọgbẹ́ nísàlẹ̀. Èyí tí ò ń wí yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Ẹnì kan gbẹ́ ilẹ̀, ẹnì kan da yanrìn, ẹnì kan ṣa òkúta, ó kàn án mọ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí o mú kò bá fi iṣẹ́ yẹn hàn, o ti fi ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ dù ú.

Má sì kọ "íńtálọ́ọ̀kù". Mo mọ̀ pé ó máa yá ọ lára láti kọ ọ́, torí gbogbo ènìyàn ló ti rí i nínú ọgbà ilé ìjọsìn àti ilé epo. Iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyẹn. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn la ń pò, tí a ń rọ sínú mọ́ọ̀dù. Gbogbo rẹ̀ ń jáde ní ìwọ̀n kan náà, etí ọ̀kan ń wọ inú etí èkejì, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Òkúta gidi ò rí bẹ́ẹ̀. Ìkan nípọn, ìkan tín-ín-rín. Wàá máa yí i lọ́wọ́ títí wàá fi rí ojú rẹ̀ tó tẹ́jú jù, ojú yẹn lo máa gbé sókè, ibi tó ṣóńṣó lo máa rì sínú yanrìn. Wàá fi òòlù kàn án títí á fi bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba, lẹ́yìn náà wàá gbá yanrìn sí àárín wọn. Iṣẹ́ àtijọ́ ò ní sìmẹ́ńtì láàárín òkúta, nítorí náà omi òjò ráyè wọlẹ̀. Bí ojú kan bá sì rì, wọ́n á yọ òkúta ibẹ̀, wọ́n á fi yanrìn kún ilẹ̀, wọ́n á dá òkúta kan náà padà sáyè rẹ̀. Ọ̀dà tó bá ti bẹ́ ò ṣeé dá padà.

"Tẹ́" ni àwa oníṣẹ́ ń sọ. A ń tẹ́ táìsì, a ń tẹ́ íńtálọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá ń ṣe ti òkúta náà, títẹ́ ló ń tẹ́ ẹ. Gba ibẹ̀ wọlé.

Ìyá Ìbejì Bàhíà

Bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́. Salvador yìí ni mò ń gbé, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í gba Pelourinho kọjá. Àṣàkẹ́ ọmọ mi, orúkọ mẹ́ta tí o kọ yẹn, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n.

Calçamento ni iṣẹ́ títẹ́ náà lápapọ̀. Ó wá láti inú calçar, tí í ṣe wíwọ bàtà. Ẹni tó wọ bàtà jẹ́ calçado, títì tí wọ́n ti tẹ́ òkúta sí jẹ́ rua calçada. Létí àwọn ará ibí, títì yẹn ti wọ bàtà.

Paralelepípedo ni òkúta tí wọ́n gé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gíránáìtì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni wọ́n ti máa ń gé e kí ó tó dé ojú títì. Ìlà rẹ̀ tọ́, o lè fojú tọ̀ ọ́ lọ. Kò sí ibi tí o ò ti ní rí i ní Bràsíl, títí kan àwọn ìlú kéékèèké.

Pé de moleque ni ti àgbà. Wọn kì í gé e. Kékeré àti ńlá ni wọ́n jọ ń há mọ́ra wọn, ojú rẹ̀ sì máa ń yọ gbùngbùn. Bí ẹ bá fẹ́ rí èyí tó jinlẹ̀ jù, ẹ lọ sí Paraty ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro. Ọkọ̀ kì í wọ àárín ìlú àtijọ́ níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí àárín títì ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí omi lè gba ibẹ̀ ṣàn, bí òkun bá sì kún nígbà tí òṣùpá bá yọ tán, omi á wọ inú àwọn títì kan, á tún padà síbi tó ti wá. Ouro Preto àti Diamantina náà ní irú òkúta bẹ́ẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ọmọdékùnrin" ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn ní tààrà. Moleque wá láti èdè Kimbundu ti ilẹ̀ Àǹgólà, muleke, ọmọkùnrin. Nígbà oko ẹrú, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ló tẹ òkúta mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ìpápánu kan ló ní orúkọ náà, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀pà àti rapadura, ìyẹn oje ìrèké tí wọ́n sè títí ó fi dì, ṣe. Sísí pẹlẹbẹ tiwa gan-an ni! Ẹni tó bá ti mú sísí pẹlẹbẹ lọ́wọ́ rí, tó rí bí ẹ̀pà ṣe ń yọrí nínú ṣúgà tó gan, ó ti rí ojú títì Paraty. Àṣàkẹ́, bí ìwé rẹ bá láyè, fi gbólóhùn yẹn sí i. Àwọn màmá máa mọ̀ ọ́n kíákíá.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí ó máa ń ṣi àwọn atúmọ̀ lọ́nà: calçada. Ní Bràsíl níbí, ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà ni calçada. Ní ilẹ̀ Potogí, iṣẹ́ òkúta títẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún fi ń sọ àwọn títì kan tó dagun lórúkọ, irú bíi Calçada do Combro ní Lisbon. Nítorí náà, wo ibi tí ìwé náà ti wá kí o tó kọ "òpópónà". Òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú tí wọ́n fi ń ya àwòrán sílẹ̀, a ń pè é ní pedra portuguesa níbí. Ìgbì òkun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì Copacabana ní Rio, òun ni. Ìlú Lisbon ni àwòrán ìgbì náà ti wá, ó wà ní gbàgede Rossio níbẹ̀ láti 1849.

Díákónì Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí n bù kún un. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Jòhánù orí 19, ẹsẹ 13: ibi tí Pílátù jókòó sí lórí ìtẹ́ ìdájọ́, "Òkúta-títẹ́" ni wọ́n pè é, kí wọ́n tó sọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Hébérù, Gábátà. Gbàgede tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ni. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ bá ìṣòro kan náà pàdé, "tẹ́" tí Bíríkìlà ń wí yìí ni wọ́n sì gbá mú.

Nítorí náà, òkúta títẹ́. Títì òkúta títẹ́. Àwọn ìyá ìjọ tó ń lọ sí ìrìn àjò yẹn ti gbọ́ ọ rí lọ́jọ́ Jímọ̀ Rere, kò ní ṣàjèjì sí wọn.

Ajíbọ́lá Yunifásítì

Díákónì, ó dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta léra wọn wúwo nínú gbólóhùn. Kí ló dé tí a ò so ó pọ̀? Àfòkútatẹ́. Títì àfòkútatẹ́, gbàgede àfòkútatẹ́. Bí Yorùbá ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Bíríkìlà Òṣogbo

Ó dùn létí, ọ̀gá. Àmọ́ bí mo bá kà á fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, wọ́n á ní kí n tún un kà. Òkúta títẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa gbọ́ ọ. Ìwé atọ́nà ni Àṣàkẹ́ ń kọ, ẹni tó dúró lójú títì nínú oòrùn ló máa kà á.

Ọmọ Ọdẹ́túndé, Ifẹ̀

Mo fara mọ́ "títẹ́", ìdí mi sì wà ní Ilé-Ifẹ̀. Kí àwọn Potogí tó mọ̀ wá rárá, àwọn baba ńlá wa ti ń tẹ́ ilẹ̀. Àpáàdì ni wọ́n lò jù. Wọ́n á dá àpáàdì dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ á kọjú sókè, wọ́n á tò ó ní ìlà ìlà, ìlà kan á dà sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e á dà sósì. Níbò míràn wọ́n á fi òkúta funfun kéékèèké sí àárín wọn kí ó lè dárà. Àwọn awalẹ̀pìtàn bá a ní Ìta Yemòó nígbà tí Frank Willett ń walẹ̀ níbẹ̀ láti 1957, Peter Garlake sì tún bá a ní ilẹ̀ Ọbalára ní àwọn ọdún 1970. Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ kí wọ́n máa tẹ́ ẹ, torí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ̀, títẹ́ ilẹ̀ ni ìyà rẹ̀.

Ẹ má kọ "àpáàdì" fún Salvador o, torí òkúta ni ti ibẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé èrò ilẹ̀ títẹ́ kì í ṣe àlejò nínú èdè wa.

Àbẹ̀kẹ́ Edinburgh

Gbólóhùn kan péré ni tèmi. Àṣàkẹ́, má gba inú Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀. Níbí, cobblestone ni àwọn ènìyàn ń pe gbogbo òkúta ojú títì, bẹ́ẹ̀ òkúta roboto tí wọ́n ṣà nínú odò ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún. Òkúta gígé tó wà káàkiri Edinburgh, setts ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, ní Aberdeen wọ́n ní cassies. Bí o bá ti inú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀, pé de moleque àti paralelepípedo máa di ọ̀kan lójú rẹ, ẹsẹ̀ arúgbó ló sì máa jìyà rẹ̀, torí ó rọrùn láti rìn lórí èyí tí wọ́n gé ju èyí tí wọn ò gé lọ.

Awo Matanzas

Lóòótọ́ ni. Ní Kúbà náà, ìyàtọ̀ wà. Adoquín ni òkúta gígé. Ní ìlú Trinidad, òkúta roboto ni wọ́n fi tẹ́ títì, chinas pelonas ni wọ́n ń pè wọ́n. Títì kan tilẹ̀ wà ní Havana tó jẹ́ pé pákó ni wọ́n gé tí wọ́n sì tẹ́ síwájú ààfin gómìnà àtijọ́, ní Plaza de Armas. Ẹni tó bá ní "títì òkúta títẹ́" lè ní "títì pákó títẹ́" láìṣe wàhálà kankan. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti wá, ìdílé wa wà lára àwọn tó ti Bàhíà padà bọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ ti sọ bí wọ́n ṣe tẹ́ òkúta náà. Ẹ jẹ́ kí ìwé Àṣàkẹ́ sọ àwọn tó rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú.

Pelourinho fúnra rẹ̀, òpó ìyà ni. Òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án ní gbangba ni àdúgbò náà fi jẹ́ orúkọ. Orí àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, ti ń ru ẹrù láti ẹ̀gbẹ́ òkun lọ sí ìlú òkè, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Wọ́n ń gbé àwọn olówó sórí àga, wọ́n ń ru àgbá ọtí, wọ́n ń ru àpò ṣúgà. Ganhadores ni orúkọ iṣẹ́ wọn. Ní 1857, nígbà tí ìjọba ìlú ní kí wọ́n máa so àmì irin mọ́ ọrùn kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́, wọ́n kọ̀, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹrù kò gbéra ní Salvador fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ̀rọ agbéniròkè Lacerda tó so ìlú ìsàlẹ̀ mọ́ ìlú òkè, 1873 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ó tó dé, orí ènìyàn ló ń gbé ẹrù gun òkè yẹn.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kìn-ín-ní, 1835, ilé kan ní Ladeira da Praça ni ìjà àwọn Malê, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú tó dìde sí oko ẹrú, ti bẹ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa nínú orúkọ wọn: ìmàle. Nàgó ló pọ̀ jù nínú wọn. Ladeira ni títì tó dagun. Àṣàkẹ́, bí àwọn àgbà bá dé Ladeira da Praça, kí ìwé rẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí.

Ohun kan tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe: àwọn kan ní Bàhíà máa ń pe irú òkúta roboto bẹ́ẹ̀ ní cabeça-de-nego, "orí ènìyàn dúdú". Bí o bá bá a pàdé nínú ìwé, má túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Orí kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kọ òkúta títẹ́, kí o kọjá.

Ní ti "títì" àti "pópó": ní Ìsàlẹ̀ Èkó, pópó ni, Pópó Àgùdà ni wọ́n ń pe àdúgbò wa. "Pópó òkúta títẹ́" máa dùn létí àwọn ará Èkó nínú ẹgbẹ́ rẹ. Àmọ́ fún gbogbo Yorùbá, dúró lórí títì.

Ajíbọ́lá Yunifásítì

Mo gbà pẹ̀lú yín nípa òkúta títẹ́. Ó ku bí a ṣe máa lò ó. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, kọ ọ́ ní kíkún: "títì tí wọ́n fi òkúta tẹ́". Lẹ́yìn ìyẹn, "títì òkúta títẹ́" tó. Bí ó bá pọn dandan láti ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀, fi "òkúta gígé" sí paralelepípedo, kí o fi "òkúta àìgé" sí pé de moleque. Má fi "òkúta wẹ́wẹ́" sí ìkankan nínú wọn, torí ohun tí wọ́n ń dà sínú kọ́ńkéré ni gbogbo ènìyàn máa rò.

Àṣàkẹ́ Òǹkọ̀wé

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ ò ní ṣìnà o. Ẹ wo ohun tí mo kọ:

"Títì tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ni ẹ máa rìn lórí rẹ̀ ní Pelourinho. Òkúta náà ò dọ́gba, àwọn ibòmíràn yọ gbùngbùn bí ẹ̀pà inú sísí pẹlẹbẹ. Àwọn baba wa tó jẹ́ Nàgó ló ru ẹrù gun orí òkè yìí. Ẹ wọ bàtà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní okùn. Títì òkúta títẹ́ máa ń há gìgísẹ̀ bàtà gogoro."

Ǹjẹ́ ó yéni? Ṣé nǹkan kan kù?

Ìyá Ìbejì Bàhíà

Ó yé mi yékéyéké, ọmọ mi. Fi ọ̀rọ̀ òjò sí i. Oṣù kẹrin sí oṣù keje ni òjò máa ń pọ̀ jù níbí, òkúta tí ẹsẹ̀ ti dán fún ọdún gbọọrọ máa ń yọ̀ bí ó bá tutù. Sọ fún wọn kí wọ́n má sáré lórí rẹ̀, kí àwọn tí orúnkún ń dùn gba ẹ̀rọ Lacerda gòkè dípò kí wọ́n fẹsẹ̀ gun ladeira. Àpótí onítáyà náà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Táyà kékeré yẹn máa ń há sáàárín òkúta, tàbí kó ya dànù.

Bíríkìlà Òṣogbo

Kí ọ̀pá ìtìlẹ̀ àwọn àgbà ní rọ́bà nídìí. Rọ́bà tó fẹ̀, má ṣe èyí tó ṣóńṣó, torí ó máa wọ àárín òkúta.